Bí ẹ ṣe lè fi òwú àti ẹ̀rọ ìránṣọ ya ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà sórí kúìtì láti inú fọ́tò

Ìbéèrè kan náà ló ń wọlé lemọ́lemọ́: "Mo lẹ ilé náà mọ́ aṣọ, ó gún régé. Mo fi òwú yà á tán, ó wọ́. Kí ló fà á?" Òwú ló fà á. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá gún aṣọ ni òwú ń fún aṣọ náà pọ̀ díẹ̀. Bí ewé igi bá yẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Bí òpó ilé bá yẹ̀, ọmọdé pàápàá á rí i. Nítorí náà, ètò iṣẹ́ ni ìtọ́sọ́nà yìí dá lé: ohun tó gbọ́dọ̀ ṣáájú, ohun tó gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e, àti ibi tí aṣọ ti máa ń súnkì.

Kúìtì ni aṣọ ìpele mẹ́ta tí wọ́n rán pọ̀: aṣọ òkè, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín, àti aṣọ ẹ̀yìn. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Àgùdà, ìyẹn irú ilé tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́, la ó fi ṣe àpẹẹrẹ, irú èyí tó ṣì kù díẹ̀ ní Pópó Àgùdà ní erékùṣù Èkó: fèrèsé olórí róbótó, òpó tí wọ́n mọ mọ́ ara ògiri, ilẹ̀kùn fèrèsé onípákó tín-tìn-tín, pánù tó ti dípatà. Ìwọ̀n iṣẹ́ náà tó bá parí: ínṣì 16 ní fífẹ̀, ínṣì 20 ní gíga (bíi sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50).

Ohun tí ẹ ó kó jọ

- Aṣọ kọ́tìn aláwọ̀ ojú ọ̀run fún ìpìlẹ̀, ínṣì 20 sí 24. Ínṣì méjì tó lé ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà fún ìsúnkì. Ẹ má fi ṣahun.
- Àwọ́kù kọ́tìn oríṣi 6 sí 8: ti ògiri, ti òjìji, ti pánù, ti fèrèsé, ti ilẹ̀.
- Gọ́ọ̀mù tó ń lẹ ní ojú méjèèjì, yáàdì kan. Èyí tó ní bébà lẹ́yìn ló dára jù. Hemming gum tí àwọn aránṣọ fi ń ká etí aṣọ ṣe é lò tó bá fẹ̀ tó.
- Gum stay (aṣọ tí wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ kó lè dúró dáadáa) tí kò nípọn jù, ínṣì 20 sí 24, àti bébà funfun tó ṣe é ya kúrò.
- Òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n tẹ́ bí aṣọ, ìyẹn wadding, àti aṣọ ẹ̀yìn: ínṣì 22 sí 26 ẹyọ kọ̀ọ̀kan.
- Òwú polyester nọ́ńbà 40, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọnà agbádá: àwọ̀ 3 fún ògiri, 3 fún pánù, 2 fún fèrèsé, àti eérú tó ṣókùnkùn kan. Fún bọ́bìn, òwú tó tín-ín-rín ju ìyẹn lọ, aláwọ̀ eérú.
- Abẹ́rẹ́ 75/11 àti 90/14, ó kéré tán márùn-ún lápapọ̀.
- Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ onísípíríǹgì tó ní ihò róbótó, èyí tó ń fò sókè sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ́rẹ́.
- Rúlà gígùn, sísọ́ọ̀sì mímú, bébà tí wọ́n fi ń yan kéèkì, áyọ́ọ̀nù.

Fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn oníbáàgì ń lò kì í ṣe wadding. Áyọ́ọ̀nù á yọ́ ọ, abẹ́rẹ́ á sì máa há sí i.

Ẹ̀rọ wo ló lè ṣe é?

Èyí tó lè sọ eyín rẹ̀ kalẹ̀ ló rọrùn jù. Eyín yẹn ni irin kéékèèké abẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ tó ń fa aṣọ síwájú. Tó bá ti lọ sílẹ̀, ọwọ́ yín ló ń darí aṣọ. Ẹ̀rọ Butterfly dúdú tí eyín rẹ̀ kì í lọ sílẹ̀ náà wúlò: ẹ yí gígùn ojú abẹ́rẹ́ sí òdo, kí ẹ fi selotépù lẹ káàdì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò láàárín bo eyín náà. Ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ nìkan ni kò bá iṣẹ́ yìí mu, torí ọwọ́ méjèèjì ló gbọ́dọ̀ wà lórí aṣọ.

Tinko, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ṣe ọnà agbádá, náà dára, ó sì yá. Ẹni tó ń fi tinko ṣe ọrùn agbádá ti ní ọgbọ́n ọwọ́ tí iṣẹ́ yìí ń béèrè. Ó tiẹ̀ máa ń tètè mọ̀ ọ́n ju ẹni tó ti ń rán kúìtì fún ọdún mélòó kan lọ. Kìkì pé kó dín sígísáàgì kù sí òdo tàbí mílímítà kan. Sígísáàgì fífẹ̀ ló ń fa aṣọ jù lọ.

Apá kìíní: Fọ́tò

1. Ẹ ya fọ́tò nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ kan wá, bíi aago 8 sí 9 àárọ̀ tàbí 4 sí 5 ìrọ̀lẹ́. Lọ́sàn-án gangan, oòrùn Èkó wà lókè orí, gbogbo ọnà ara ògiri á sì pẹlẹbẹ. Òjìji ló ń mú kí òpó hàn pé òpó ni.

2. Ẹ má gbé ojú fóònù sókè. Bí ẹ bá gbé e sókè, ògiri méjèèjì á máa sún mọ́ra lókè. Òpópónà erékùṣù Èkó há, nítorí náà ẹ tọrọ ààyè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé tó kọjú sí i, kí ẹ yà á láti ibẹ̀. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú. Ẹni tó ń gbé inú ilé lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ìdí tí ẹ fi ń ya fèrèsé rẹ̀.

3. Ẹ ya òmíràn ní ìtòsí: fèrèsé kan, orí òpó kan, etí pánù. Ìmọ̀ ni wọ́n wà fún, ẹ má fà wọ́n lé iṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ fọ́tò kan ṣoṣo ni kí ẹ tẹ̀ lé.

4. Ẹ mú ògiri tọ́ lórí fóònù. Snapseed ní irinṣẹ́ Perspective fún èyí. Ẹ gbé rúlà lé ojú fóònù: ògiri òsì àti ti ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá etí fọ́tò dọ́gba.

5. Ẹ sọ ọ́ di dúdú àti funfun, kí ẹ dín in kù sí ìpele ìmọ́lẹ̀ mẹ́rin. GIMP, tí kì í gba owó, ní Posterize. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Àwọ̀ máa ń tan ojú jẹ: pánù tó dípatà àti ògiri aláwọ̀ ìyeyè lè ní ìmọ́lẹ̀ kan náà, tí ẹ bá sì gé wọn láti inú aṣọ tí ìmọ́lẹ̀ wọn dọ́gba, òrùlé á wọnú ògiri lọ.

6. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń tẹ pláànì ilé, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí A2. Ínṣì 16 sí 20 wọ inú A2 pátápátá. Kí wọ́n tẹ méjì: ọ̀kan aláwọ̀, ọ̀kan onípele mẹ́rin.

Bí ilé náà kò bá sí mọ́ ńkọ́? Ilojo Bar, ilé Àgùdà kan ní Tinúubú tí ìjọba ti kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti 1956, wọ́n wó o lulẹ̀ ní 2016. Fọ́tò ẹlòmíràn ló kù fún irú ilé bẹ́ẹ̀. Ẹ tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ya fọ́tò náà kí ẹ tó gé aṣọ, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ tà á tàbí gbé e lọ síbi àfihàn.

Apá kejì: Yíyà, gígé, lílẹ̀

7. Ẹ tẹ́ bébà tracing lé fọ́tò onípele mẹ́rin, kí ẹ ya ilà. Gbogbo ohun tó dúró gbọọrọ, rúlà ni kí ẹ fi yà á. Ẹ ka òpó àti fèrèsé lórí fọ́tò, ẹ má ṣe é láti orí. Ojú èèyàn máa ń fi fèrèsé kan kún tàbí yọ ọ̀kan láìmọ̀. Ẹ fi ọfà kan sí igun bébà láti fi hàn ibi tí oòrùn ti ń wá.

8. Ẹ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá sí iwájú: ògiri 1, òjìji abẹ́ òrùlé 2, pánù 3, ihò fèrèsé 4, pákó fèrèsé 5, òpó àti ọnà orí fèrèsé 6, ilẹ̀ àti ohun iwájú ilé 7.

9. Bí gọ́ọ̀mù yín bá ní bébà, ẹ dojú tracing dé kí ẹ tó yà á sórí bébà náà. Bí ẹ kò bá dojú rẹ̀ dé, ilé á yí padà: ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún á bọ́ sí òsì, oòrùn á sì máa ti ibi tí kò tọ́ wá. Hemming gum kò ní bébà, nítorí náà kò nílò ìdojúdé. Ẹ kọ́kọ́ fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn aṣọ pẹ̀lú bébà kéèkì láàárín òun àti áyọ́ọ̀nù, kí ó tutù, kí ẹ bó bébà náà, lẹ́yìn náà kí ẹ gé aṣọ láti ojú rẹ̀.

10. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gọ́ọ̀mù oníbébà mọ́ ẹ̀yìn aṣọ, kí ẹ gé e, kí ẹ sì bó bébà rẹ̀. Níbi tí ẹ̀yà kan bá ti máa wọ abẹ́ òmíràn, ẹ fi ìdámẹ́rin ínṣì lé e. Níbi tó bá ti wà lókè, ẹ gé e pẹ́ ilà.

11. Ẹ tẹ́ tracing náà lé ìpìlẹ̀ aṣọ, kí ẹ fi pín-ìn-nì mú etí òkè rẹ̀ nìkan, kí ó lè ṣí bí ojú ìwé. Ẹ máa gbé ẹ̀yà wọlé lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ tracing náà kúrò kí ẹ tó fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ wọ́n.

12. Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ wọ́n láìsí omi, ìṣẹ́jú àáyá 10 ní ojú kan. Ẹ tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́lẹ̀, ẹ gbé e, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ síbòmíràn. Ẹni tó bá fà á bíi pé ó ń lọ ṣòkòtò á fa òpó rẹ̀ wọ́ kí òwú tó dé ibẹ̀ rárá.

Àkíyèsí lórí àdìrẹ. Àdìrẹ ẹlú dára gan-an fún òjìji àti ihò fèrèsé, ṣùgbọ́n ó lè ṣí àwọ̀, iṣẹ́ yìí sì máa rí omi níwájú. Ẹ fi aṣọ funfun tútù nù ún kí ẹ tó gé e. Bí funfun náà bá di aró, ẹ fọ àdìrẹ náà títí omi rẹ̀ á fi mọ́. Bí kò bá mọ́, ẹ lo aṣọ mìíràn.

Òjìji ńlá, aṣọ ni kí ẹ fi ṣe é; ẹ má fi òwú kún un. Ẹni tó bá fẹ́ fi òwú nìkan sọ ògiri funfun di ṣíṣókùnkùn á rán an títí tí ibẹ̀ á fi le gbagidi, ibẹ̀ gan-an sì ni aṣọ á ti kọ́kọ́ wọ́.

Apá kẹta: Ìdánwò

Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lẹ gum stay mọ́ ẹ̀yìn aṣọ ìpìlẹ̀, kí ẹ fi bébà funfun sábẹ́ rẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ́ o. Tàdáwà rẹ̀ á ràn mọ́ aṣọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àpẹẹrẹ ínṣì 6 sí 6 pẹ̀lú aṣọ kan náà, gọ́ọ̀mù kan náà, stay kan náà. Ẹ fi abẹ́rẹ́ 75/11 sí i, ẹ dẹ òwú òkè díẹ̀, ẹ rán ìlà tó fún pọ̀ kún inú rẹ̀. Ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bí ínṣì 6 bá ti di 5¾, ẹ ti mọ iye tí aṣọ yín ń súnkì. Bí ó bá dín ju ìdajì ínṣì lọ, ẹ fi stay kejì kún un tàbí kí ẹ rán an fàlàlà.

Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Òwú òkè tó bá yọjú díẹ̀ sẹ́yìn kò burú. Òwú bọ́bìn tó bá yọ sójú iṣẹ́ ni kò dáa.

Apá kẹrin: Òwú

Àwọn kan máa ń to aṣọ, wadding àti aṣọ ẹ̀yìn pọ̀ kí wọ́n tó fi òwú ya ohunkóhun. Fún òdòdó, ó dára. Fún ilé, mi ò gbà á níyànjú: gbogbo òwú tó pọ̀ ni kí ẹ rán sórí aṣọ òkè àti stay nìkan, kí ẹ tún iṣẹ́ náà nà, kí ẹ tó mú wadding wá. Bí aṣọ bá súnkì nígbà tí kò tíì ní wadding, ẹ ṣì lè tún un ṣe. Tó bá ti ní wadding nínú, ó ti bọ́.

13. Ẹ rán egungun ilé kọ́kọ́. Fi òwú eérú rán ilà gbọọrọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan: òpó àárín, lẹ́yìn náà èyí tó wà lọ́tùn-ún rẹ̀, lẹ́yìn náà ti òsì, títí ẹ ó fi dé ògiri ẹ̀gbẹ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan lọ sí ìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni ilé ṣe ń fì sápá kan. Ẹ lè padà sí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lásán fún ìgbésẹ̀ yìí nìkan, kí eyín fa aṣọ fún yín. Ẹ fi rúlà wò ó kí ẹ tó tẹ̀ síwájú.

14. Ẹ kó aṣọ sínú òrùka ọnà bí ọwọ́ yín kò bá tíì mọ́ ọn. Ẹ̀rọ kí ó sáré, ọwọ́ kí ó rọra. Ọwọ́ tó bá yára ju ẹ̀rọ lọ ló ń mú ojú abẹ́rẹ́ gùn, òun náà ló sì ń ṣẹ́ abẹ́rẹ́.

15. Láti ṣíṣókùnkùn lọ sí mímọ́. Òwú mímọ́ tó gbẹ̀yìn ló ń mú kí ọnà ògiri yọ síta.

16. Kí òwú máa rìn bí ohun tí ẹ ń yà ṣe rí:

- Pánù: ilà tó ń ti orí òrùlé sọ̀ kalẹ̀ dé etí rẹ̀, ìdámẹ́rin ínṣì síra wọn. Ẹ rán ilà ṣíṣókùnkùn, kí ẹ rán ìpatà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìpatà kì í dọ́gba: ó máa ń pọ̀ níbi ìṣó àti ní ìsàlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ibì kan ṣófo.
- Pákó fèrèsé: ilà ìbú kéékèèké, ìdámẹ́jọ ínṣì síra wọn. Fún pákó kan tó ti sọnù, ẹ fo ilà kan.
- Ọnà orí fèrèsé: ẹ tẹ̀ lé ìyípo rẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni òwú ṣíṣókùnkùn, orí rẹ̀ ni mímọ́, tí oòrùn bá ti òkè wá.
- Òpó: ẹ̀gbẹ́ tó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn nìkan ni kí òwú ti fún. Ẹ̀gbẹ́ kejì, aṣọ lásán ti tó.
- Ògiri: ẹ rán an kéré. Ìlà wínníwínní níbi tí símẹ́ǹtì ti bó, ìlà ọ̀gbàrá òjò lábẹ́ fèrèsé, ó parí. Ògiri tí wọ́n rán kún tìtì ni àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

17. Ẹ má lo òwú dúdú fún ìlà ìta ilé. Eérú tó ṣókùnkùn tàbí búráùn ni. Dúdú máa ń sọ ilé di àwòrán inú ìwé ọmọdé.

18. Wáyà iná ló gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń yọ ọ́ kúrò. Tèmi ni pé kí ẹ fi ọ̀kan tàbí méjì sílẹ̀, torí ìwọ̀nba ilà kan tó gba iwájú òpó kọjá ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ààyè wà láàárín ilé àti ẹni tó ń wò ó. Ẹ rán an lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìdúró.

Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ lẹ́yìn wákàtí 6 sí 8 iṣẹ́. Gọ́ọ̀mù á ti lẹ̀ mọ́ ọn nígbà náà, òwú á sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Apá karùn-ún: Nínà àti títò

19. Ẹ ya bébà ẹ̀yìn kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi ìka di òwú mú kí ó má bàa fà.

20. Ẹ wọ́n omi sí i kó rin díẹ̀, kí ẹ fi pín-ìn-nì kàn án mọ́ pákó tí ẹ fi táwẹ̀lì bò. Ẹ fi igun rúlà wọn àwọn òpó, kí ẹ fà á títí wọn á fi dúró gbọọrọ. Kó gbẹ síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má lo áyọ́ọ̀nù láti yára. Òwú polyester máa ń yọ́ bí iná bá pọ̀.

21. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn, wadding lé e, iṣẹ́ lé wadding. Pín-ìn-nì ọmọ ìkókó ní ínṣì mẹ́rin-mẹ́rin.

22. Abẹ́rẹ́ 90/14. Ẹ rán kúìtì náà lẹ́bàá ìta ilé, lábẹ́ òrùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó. Níbi ojú ọ̀run, ìlà ìbú tó fẹ̀ síra tó ínṣì kan ti tó. Bí ilé bá kún fún òwú tí ojú ọ̀run sì ṣófo pátá, etí kúìtì á máa ká. Ìlà wọ̀nyẹn ló ń dá a dúró.

Apá kẹfà: Etí àti gbígbékọ́

Ẹ gé e sí ínṣì 16 sí 20, kí ẹ fi ògiri ilé wọn igun, ẹ má fi etí aṣọ wọ̀n ọ́n. Bí ilé bá tọ́ tí etí sì wọ́, etí ni kí ẹ gé.

Fún etí, ẹ gé ọ̀já méjì tó fẹ̀ ní ínṣì 2½ láti inú aṣọ ínṣì 45, kí ẹ so wọ́n pọ̀. Àyíká kúìtì jẹ́ ínṣì 72, ẹ sì nílò bíi 82. Ẹ ṣẹ́ ọ̀já náà po ní méjì, kí ẹ rán an mọ́ ojú, kí ẹ fi ọwọ́ gán ẹ̀yìn rẹ̀.

Fún gbígbékọ́, ẹ rán àpò gbọọrọ ínṣì mẹ́rin sí ẹ̀yìn lókè, tí pákó tẹ́ẹ́rẹ́ á lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ kọ orúkọ yín, orúkọ ilé náà, àdúgbò rẹ̀ àti ọdún tí ẹ ya fọ́tò sórí aṣọ kékeré kan, kí ẹ gán an mọ́ ẹ̀yìn.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

Òwú ń já. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́, ẹ tún òwú fà láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ dẹ̀ ẹ́ lókè. Bí ó bá ṣì ń já, òwú náà ti gbó. Ẹ fi ọwọ́ fà á já wò, tó bá já wẹ́rẹ́, ẹ jù ú nù.

Òwú ń dì jọ lábẹ́. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kò sọ̀ kalẹ̀, tàbí ẹ kò fa òwú bọ́bìn wá sókè kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ di òwú méjèèjì mú fún ojú abẹ́rẹ́ mẹ́ta àkọ́kọ́.

Ẹ̀rọ ń fo ojú abẹ́rẹ́. Aṣọ ń bá abẹ́rẹ́ fò sókè. Ẹ lo òrùka, tàbí kí ẹ fi ìka yí abẹ́rẹ́ ká ní ínṣì kan sí i, kò gbọdọ̀ sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ilé ti fì kí ẹ tó fi wadding sí i, nínà kò sì tún un ṣe. Ẹ gé ilé náà kúrò lára ìpìlẹ̀ pẹ̀lú stay rẹ̀, kí ẹ tò ó sórí aṣọ ojú ọ̀run tuntun bó ṣe yẹ, kí ẹ fi sígísáàgì tín-ín-rín mú etí rẹ̀. Igi tàbí ọgbà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ á bo ojú gígé náà.

Ilà bírò tó ń parẹ́ nínú ooru tún yọ padà. Òtútù ló ń dá a padà, nítorí náà ẹ má lo irú bírò bẹ́ẹ̀ fún iṣẹ́ tó ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago. Ṣọ́ọ̀kì aránṣọ ni kí ẹ lò. Tí ẹ bá sì fẹ́ fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́, ẹ ká a mọ́ ike gbọọrọ kan pẹ̀lú ojú rẹ̀ síta; bí ojú bá wà nínú, òwú orí pánù àti òpó á ṣẹ́, ilà ìṣẹ́ náà kì í sì í lọ bọ̀rọ̀.